Akọka Kò Tán ní Géètì

Ọgbà mẹ́ta ni Yunifásítì Èkó ní bí a bá fi ojú ìwé wò ó: Akọka, Ìdí-Àràbà àti Yábàá. Akọka ni baba wọn, ilẹ̀ tó tó éékà 802 létí ọ̀sà. Ìdí-Àràbà ni ti àwọn oníṣègùn, ó fẹ̀gbẹ́ kan ilé ìwòsàn tí gbogbo Èkó mọ̀ sí LUTH. Yábàá kéré sí àwọn méjèèjì. Àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ X-ray la mọ̀ mọ́ ibẹ̀. Èmi tí wọ́n bí sí Palmgrove, tí mo sì ń gbé ibẹ̀ dòní, mo máa ń ka ọgbà kẹrin mọ́ wọn. Ọgbà yìí kò ní géètì, kò ní gíwá, wọn kò sì yà á sínú máàpù yunifásítì kankan. Ẹ̀yìn ibùdókọ̀ wa lójú ọ̀nà Ìkòròdú ló ti bẹ̀rẹ̀, ó gba inú Ṣómólú, ó já sí Bàrígà, ó wá lọ forí sọ ògiri Akọka. Inú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń sùn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dáná, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fọṣọ, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń kàwé mọ́jú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wọ inú Akọka fúnra rẹ̀. Géètì àgbà kọjú sí ìhà Yábàá àti Abúlé-Ọjà. Géètì kejì wà lójú ọ̀nà St. Finbarr's, níhà tiwa. Ẹni tó bá wọlé yóò rí i pé ariwo Èkó rọlẹ̀ lójijì. Igi bo ojú ọ̀nà, kòròpe ń kó akẹ́kọ̀ọ́ kiri, ilé Sẹ́nétì sì ga ju gbogbo ilé tó yí i ká lọ. Bí èèyàn bá ń lọ síwájú, omi ni yóò bá. Lagoon Front ni wọ́n ń pe etí omi yẹn, n kò sì tíì rí ibòmíràn ní gbogbo ilẹ̀ Èkó tí ọ̀sà ti sún mọ́ mẹ̀kúnnù tó báyìí lófẹ̀ẹ́. Àwọn kan ń gbàdúrà níbẹ̀, àwọn kan ń ka ìwé ìdánwò, àwọn mìíràn kàn jókòó wo afárá Third Mainland tí wọ́n ṣí ní 1990, bí mọ́tò ṣe ń sáré lórí omi lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó.

Ẹwà yẹn náà ló dín ilẹ̀ kù. Omi sé yunifásítì mọ́ níwájú. Ìwáyà àti Onikẹ sé e mọ́ lápá kan, Bàrígà sé e mọ́ lápá kejì. Ilé ẹ̀kọ́ tó wà nínú igbó lè máa gé igbó kún ọgbà rẹ̀. Akọka kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n fún un náà ni yóò pín láàrin kíláàsì, láàbù, ilé olùkọ́, pápá ìṣeré àti ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa sùn. Nínú pípín yìí, oorun ni ìpín rẹ̀ kéré jù.

Síbẹ̀, mo fẹ́ràn orúkọ tí wọ́n fi sọ àwọn họ́ọ̀lù ibẹ̀. Ọmọbìnrin tó wá láti Ẹ̀pẹ́ lè sùn ní Mọ́remí, kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà ní Queen Amina, kí ẹnìkẹta wọn wà ní Madam Tinubu tàbí ní Kofo Ademola, orúkọ obìnrin tó gboyè ní Oxford ní 1935, nígbà tí obìnrin adúláwọ̀ kankan láti Áfíríkà kò tíì ṣe irú rẹ̀. Họ́ọ̀lù Jaja ń rán wa létí ọba Òpóbò tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ẹ̀tàn mú ní 1887. Mariere jẹ́ gómìnà àkọ́kọ́ fún Mid-West. Eni Njoku ni gíwá àkọ́kọ́ ní Akọka, Saburi Bíòbákú ló sì gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1965 láàrin ìjà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ilé ẹ̀kọ́ náà ká. Họ́ọ̀lù kan tún wà tó ń jẹ́ Fágúnwà. D. O. Fágúnwà kú ní 1963, ọdún kejì tí yunifásítì ṣí, ó sì dùn mọ́ mi pé akọ̀wé Yorùbá ní òrùlé tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ pè létí ọ̀sà yẹn. Ọmọ tó bá sùn lábẹ́ irú orúkọ báyìí fún ọdún mẹ́rin, tó bá béèrè ìtàn wọn, ẹ̀kọ́ ńlá ti wọ inú rẹ̀ yàtọ̀ sí ti kíláàsì.

Mélòó nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń rí ibẹ̀ sùn? Ní 1962, akẹ́kọ̀ọ́ 131 péré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, fún ẹ̀kọ́ òwò, ẹ̀kọ́ òfin àti ìṣègùn. Lónìí wọ́n ti lé ní 50,000. Bẹ́ẹ̀dì kò lé bẹ́ẹ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń du àyè báyìí, bálọ́ọ̀tì ni àwọn ọmọ ṣì ń pè é, mo sì ti rí i bí ọmọ ilé wa ṣe jókòó ti fóònù láàjìn, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, kí àyè tó ṣí. Ẹni tí kò bá rí i, tó bá ní ọ̀rẹ́ nínú ọgbà, yóò lọ di squatter: yóò tẹ́ fóòmù sílẹ̀ láàrin bẹ́ẹ̀dì méjì lálẹ́, yóò ká a kúrò kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tí kò bá ní ọ̀rẹ́, ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀.

Mo ti ronú pẹ́ lórí bí ọ̀rọ̀ ṣe rí báyìí, mo sì gbà pé ó ti wà nínú èrò àwọn tó kọ́kọ́ ronú yunifásítì náà. Ìgbìmọ̀ tí Eric Ashby darí ni ìjọba gbé kalẹ̀ ní 1959 láti wo ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ gíga ní Nàìjíríà. Ní 1960 ni wọ́n jábọ̀. Ìbàdàn ti wà nígbà náà láti 1948, wọ́n sì ti fi ìdí àṣà kan múlẹ̀ níbẹ̀: akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ gbé inú ọgbà, kó ní họ́ọ̀lù tirẹ̀, kó jẹun pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn họ́ọ̀lù Ìbàdàn bíi Mellanby, Tedder àti Kuti kì í ṣe ibi ìsùn lásán, ilé tó ń sọ ọmọ di ẹnìkan ni. Èyí tí ìgbìmọ̀ Ashby dábàá fún Èkó yàtọ̀. Yunifásítì òwò àti ọrọ̀ ajé ni wọ́n ní lọ́kàn, tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yóò wà lọ́sàn-án, tí yóò tún wà nírọ̀lẹ́. Lójú tèmi, ẹni tó bá ń ro kíláàsì ìrọ̀lẹ́ ti gbà pé inú ìlú ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti máa wá, inú ìlú náà ni yóò sì padà sí. Ìlú ni wọ́n fi ṣe họ́ọ̀lù láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá ìlú sọ ọ́, kò sì sẹ́ni tó bi í bóyá ó ní omi, iná àti ojú ọ̀nà tí yóò fi gba àlejò.

Ìjọba náà mọ̀ pé ibùsùn àti oúnjẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ní 1978, nígbà tí owó oúnjẹ àti ti ibùgbé lọ sókè ní àwọn yunifásítì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tú síta káàkiri orílẹ̀-èdè. Ahmadu Ali ni kọmíṣánnà ètò ẹ̀kọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe ìjà náà ní Ali Must Go títí dòní. Àkíntúndé Òjó, akẹ́kọ̀ọ́ Akọka, kú nínú rẹ̀, ìbọn ló pa á. Àwọn àgbà Bàrígà tó rí ọjọ́ náà kì í fi ẹ̀rín sọ ọ́. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà ìjọba yọwọ́ nínú oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́ pátápátá, àwọn yàrá oúnjẹ tó wà ní họ́ọ̀lù sì di nǹkan mìíràn. Ní oṣù kẹsàn-án 2023, ìfẹ̀hónúhàn tún wáyé ní Akọka lórí owó tí wọ́n fi kún èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ ń san. Lẹ́yìn tí àwọn aláṣẹ àti àwọn aṣojú akẹ́kọ̀ọ́ jókòó pọ̀, wọ́n dín díẹ̀ kù nínú rẹ̀.

Ìyá mi kò mọ Ashby. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé nígbà tí bàbá mi fẹ̀yìn tì, yàrá tó wà lẹ́yìn ilé ṣófo, ọmọ kan sì wá kan ilẹ̀kùn pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ní yàrá?" Láti ọjọ́ yẹn ni ilé wa kò ti ṣófo akẹ́kọ̀ọ́ mọ́. Ilé face-me-I-face-you ni, yàrá kọjú sí yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn láàrin, ilé ìdáná kan lẹ́yìn, àgbá omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Ọmọ méjì tàbí mẹ́ta máa ń dáwó gba yàrá kan. Èyí tó ń kọ́ òfin yóò bá èyí tó ń kọ́ ẹ̀rọ pàdé nídìí sítóòfù, mẹkáníìkì tó ń gbé yàrá iwájú yóò sì dá sí ọ̀rọ̀ wọn. Bí ọ̀kan nínú wọn bá pẹ́ jù lálẹ́, ìyá mi kì í tilẹ̀kùn. Wọ́n á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú àtùpà títí wọn yóò fi gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n á sì bi í pé, "Ṣé o ti jẹun?" kí wọ́n tó bi í ibi tó ti ń bọ̀. Kò sí alábòójútó họ́ọ̀lù tó ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ìyá ní Palmgrove, ní Onípanu àti ní Bàrígà ló ń ṣe irú rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń ka orúkọ wọn níbi ìkẹ́kọ̀ọ́jáde.

Ìlú kọ́ àwọn ọmọ yìí ní nǹkan tí ọgbà kò lè kọ́ wọn. Ẹ wo Ṣómólú. Ẹni tó bá ní ìwé láti tẹ̀ ní Èkó, ìbáà jẹ́ ìwé ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà, ìwé orin ìjọ tàbí pósítà ìbò, Ṣómólú ló ń gbà lọ. Ìró ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í dákẹ́ ní àdúgbò náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ di ìwé àṣekágbá wọn níbẹ̀ kí wọ́n tó jáde, ìyẹn gbogbo ayé mọ̀. Èyí tí àwọn èèyàn kò mọ̀ ni iye nínú wọn tó ń jẹun nídìí iṣẹ́ náà. Ọmọ kan tó gbé ilé wa ń lọ bá wọn ya àwòrán ìwé lórí kọ̀ǹpútà láti ìrọ̀lẹ́ di alẹ́. Owó tó ń rí níbẹ̀ ló fi san owó ilé, nígbà tó sì gboyè tán, iṣẹ́ yẹn ló dì mú. Ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń dá iye owó lé iṣẹ́, bí wọ́n ṣe ń bá oníbàárà tí kò fẹ́ sanwó sọ̀rọ̀, irú pépà tí yóò gba yíǹkì àti irú èyí tí kò ní gbà á. Ká ní inú ọgbà ló ń sùn, ta ni ìbá mú un dé ibẹ̀?

Bàrígà náà ní tirẹ̀. Orúkọ rere kọ́ ló kọ́kọ́ máa ń wá sí ẹnu àwọn òbí tí wọ́n bá gbọ́ Bàrígà, mi ò sì ní purọ́ pé kò sí ìdí. Àwọn òru wà tí ìjà ẹgbẹ́ òkùnkùn ń lé gbogbo èèyàn wọlé, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ti lábírárì bọ̀ kò sì ní àmì lára tó yà á sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n CMS Grammar School, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1859, Bàrígà ló wà. Inú Bàrígà kan náà ni Olamide ti kọ́ bí a ṣe ń fi Yorùbá ìgboro kọrin tí gbogbo ilẹ̀ fi ń jó. Àdúgbò tó ń bí irú èyí kì í ṣe ibi tí a kàn ń gbà kọjá pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Ìṣòro rẹ̀ ni pé iná kò sí lójú ọ̀nà láti Bàrígà dé géètì kejì bó ṣe yẹ kó wà, àti pé ẹ̀yìn ni Akọka kọ sí i. Géètì àgbà tó lẹ́wà, Yábàá ló kọjú sí.

Láti Palmgrove dé Akọka kò jìnnà lójú ẹyẹ. Lójú ẹlẹ́sẹ̀, ó jìnnà. Ọ̀kadà ni àwọn ọmọ ń gùn tẹ́lẹ̀ láti gba inú Ṣómólú kọjá sí Fọlá Agoro kí kíláàsì aago mẹ́jọ tó bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 2022, ìjọba Èkó fi ìjọba ìbílẹ̀ Ṣómólú kún àwọn ibi tí ọ̀kadà kò gbọdọ̀ ná mọ́. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é; mo ti rí ẹsẹ̀ tó kán ní ilé ìwòsàn Ìgbòbí. Síbẹ̀, kò sí ọkọ̀ kankan tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ fún ọmọ tó ń gbé Palmgrove tí ìdánwò rẹ̀ wà ní aago mẹ́jọ. Kẹ̀kẹ́ méjì tàbí mẹ́ta ló ń wọ̀ báyìí, ó sì ń jí ní aago márùn-ún. Àárẹ̀ yẹn ń wọ inú èsì ìdánwò, kò sì sí ibi tí wọ́n ti ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ilé ló le jù. Òfin ilé gbígbé tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 sọ pé onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Síbẹ̀, a ti rí i lẹ́bàá Akọka pé ẹ̀jẹ́ńtì ń béèrè ọdún méjì, kó tún gba owó àgírímẹ́ǹtì, kó gba kọmíṣọ́ọ̀nù, kó gba owó kọ́ṣọ̀n lé e lórí. Yàrá self-contain kékeré tó wà ní Abúlé-Ọjà ti kọjá agbára ọmọ òṣìṣẹ́. Bí owó Abúlé-Ọjà ṣe ń gun òkè ni akẹ́kọ̀ọ́ ń rìn jìnnà sí i: wọ́n kúrò ní Abúlé-Ọjà bọ́ sí Akọka, láti Akọka sí Bàrígà, láti Bàrígà sí Ṣómólú, láti Ṣómólú dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn kan ti ré kọjá ọ̀nà Ìkòròdú lọ sí Muṣin, pàápàá àwọn oníṣègùn tó ti parí ọdún kìíní ní Akọka tí wọ́n ń lọ sí Ìdí-Àràbà.

Ọdún 2022 fi gbogbo rẹ̀ hàn gbangba. ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, daṣẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù kejì, wọn kò sì padà títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni yàrá fi wà ní títì, ẹrù àwọn ọmọ wà nínú rẹ̀, wọ́n ti padà sílé àwọn òbí wọn, owó ilé sì ń ka ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà dé, ọdún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Onílé ní kí wọ́n san tuntun. Àwọn òbí ní, fún kí ni, nígbà tí ọmọ kò sùn níbẹ̀? Ìjà wà ní àdúgbò wa ní oṣù kẹwàá yẹn, wọ́n kó ẹrù ọmọ síta ní ibì kan, mo sì rí ìyá kan tó wá láti Ọ̀ṣun tó jókòó ti àpótí ọmọ rẹ̀ tó ń sunkún. Ká sọ tòótọ́, onílé náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti dàgbà, owó ìfẹ̀yìntì wọn kò dé, owó ilé yẹn ni wọ́n fi ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, pánù sì ń jò. Àwọn méjèèjì ni nǹkan ń dùn, èyí tó ń fa ìrora náà kò sì sí níbẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kò tóbi ju ohun tí yunifásítì lè ṣe láìkọ́ bíríkì kan. Kí wọ́n ní ìwé kan tí orúkọ ilé àwa tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ sílé wà nínú rẹ̀. Kí ẹnìkan máa wá wo ilé náà lọ́dọọdún: ṣé omi wà, ṣé wáyà iná kò lè pa ọmọ, ṣé ilẹ̀kùn ń tì. Ilé tó bá yege, kí wọ́n fi hàn sórí íntánẹ́ẹ̀tì kan náà tí wọ́n ti ń du bẹ́ẹ̀dì, kí ọmọ tó pàdánù bálọ́ọ̀tì láàjìn má bàa ṣubú sọ́wọ́ ẹ̀jẹ́ńtì nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Kí bọ́ọ̀sì kan máa lọ láti géètì kejì, kó gba Bàrígà, kó dé Palmgrove, kó sì padà, láàárọ̀ àti lálẹ́ tí lábírárì bá tì. Kí ìjọba ìbílẹ̀ àti yunifásítì jọ jókòó lórí iná ojú ọ̀nà yẹn, nítorí ọmọ kan náà ni wọ́n jọ ń tọ́.

Ní ti àwa onílé, a kò gbọdọ̀ dúró de wọn. Ìyá mi ti lọ, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, èmi ni mo sì ń bójú tó ilé báyìí. "Àǹtí" ni àwọn ọmọ ń pè mí níbi tí wọ́n ti ń pe ìyá mi ní "Màmá". Lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì 2022, èmi àti àwọn ọmọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, a sì jọ kọ àdéhùn tuntun. Sáà ìkẹ́kọ̀ọ́ ni a fi ń ka owó ilé báyìí, a kò fi oṣù méjìlá kà á mọ́. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá tì ju oṣù kan lọ, ìdajì owó ni ọmọ yóò san fún àkókò yẹn, ẹrù rẹ̀ yóò sì wà láìfọwọ́kàn. Kò sí ẹ̀jẹ́ńtì láàrin wa. Ọmọ tó ń jáde ló ń mú ẹni tí yóò wọlé wá. Owó omi àti ti iná ni a jọ ń dá. Onílé tó wà ní ojúlé kejì sí wa kọ́kọ́ bínú, ó ní mò ń ba ọjà jẹ́. Ní oṣù tó kọjá ó rán ọmọ rẹ̀ wá pé kí n fún òun ní ẹ̀dà kan àdéhùn náà, ó fẹ́ yí ibi tí a ti sọ̀rọ̀ ìdajì owó padà sí ìdá mẹ́ta. Mo fún un, mo sì ní kó pe àwọn ọmọ ilé rẹ̀ jókòó kó tó yí i.